Iṣan Wo Ni Wáyà Pacemaker Yóò Gbà Dé Ọkàn?

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá kan tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní àádọ́rin ọdún jókòó síwájú mi, ọmọ wọn obìnrin sì dúró tì wọ́n. Ẹlùbọ́ ni wọ́n ń tà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣubú lulẹ̀ lójijì nídìí ọjà láàárín oṣù kan, nígbà tí a sì ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù, 34 péré ni a kà nínú ìṣẹ́jú kan. Ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà láti òkè ọkàn wá sí ìsàlẹ̀ ti dí pátápátá, ìsàlẹ̀ ọkàn sì ń dá lù fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìlọ́ra. Mo ṣàlàyé fún wọn pé pacemaker, ẹ̀rọ tó ń fi iná kékeré mú ọkàn lù bó ṣe yẹ, ni yóò gbà wọ́n, pé a óò fi àpótí kékeré kan sábẹ́ awọ àyà, wáyà méjì yóò sì ti ibẹ̀ lọ bá ọkàn. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Dókítà, ẹ ní ẹ ò ní la àyà mi. Ibo wá ni wáyà náà máa gbà débẹ̀?"

Ọmọ wọn fẹ́ pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ó rò pé ìbéèrè náà yóò bí mi nínú. Mo ní kí ó jẹ́ kí wọ́n béèrè. Ìbéèrè náà gan-an ni àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń fi ìkánjú dáhùn jù lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń gba ọ̀nà tí ọ̀gá wa kọ́ wa, a kì í sì í bi ara wa léèrè bóyá òun ni ó yẹ ẹni tó sùn sórí tábìlì lọ́jọ́ yẹn. Iṣan mẹ́ta tó wà nítòsí èjìká ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, n óò sì ṣàlàyé wọn láìpẹ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ibi tí mo dúró sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣan axillary tí a fi ẹ̀rọ àwòrán wá, tàbí iṣan cephalic tí a fi ojú ara wa rí, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sí. Iṣan subclavian tí a gún láìrí i ni ó yẹ kí ó gbẹ̀yìn.

Iṣan tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín ni èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sọ́dọ̀ ọkàn, kì í ṣe iṣan àlọ tó máa ń lù bí a bá fọwọ́ kàn án. Ẹ fi ìka tọ eegun tó dábùú láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun yín lọ sí èjìká. Eegun èjìká ni n óò máa pè é. Lábẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ òde, níbi tí ẹran èjìká ti pàdé ẹran àyà, ẹ óò kan kòtò kékeré kan. Inú kòtò yẹn ni iṣan cephalic ń gbà gòkè láti apá. Iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀rá sì máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi rì wọlé lọ darapọ̀ mọ́ iṣan axillary, èyí tó tóbi, tó ń bọ̀ láti abíyá. Nígbà tí iṣan axillary bá kọjá etí òde eegun ìhà àkọ́kọ́, ó di subclavian, ó sì gba abẹ́ eegun èjìká wọ inú àyà lọ. Odò kan náà ni; ìlú tó ń gbà kọjá ni ó ń sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá ti bọ́ sínú odò náà ṣe pàtàkì, nítorí pé bí abẹ́rẹ́ ṣe ń sún mọ́ ọ̀fun bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dọ̀fóró ń sún mọ́ abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni àlàfo tó wà láàárín eegun èjìká àti eegun ìhà ń fún sí i.

Ọ̀nà subclavian ni wọ́n fi kọ́ mi. Ojú eegun ni à ń wò, a ó fi ìka wọn ibi tí a fẹ́ gún, a ó sì ti abẹ́rẹ́ sábẹ́ eegun èjìká láìrí ohun tó wà níwájú rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sí i, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, inú mi sì máa ń dùn sí bí ọwọ́ mi ṣe yá. Lọ́jọ́ kan, bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ni ó wà lórí tábìlì. Mo ń fa ẹ̀yìn síríńjì díẹ̀díẹ̀, mo ń retí ẹ̀jẹ̀ dúdú, afẹ́fẹ́ ni ó hó gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nínú omi tó wà nínú rẹ̀. Bàbá náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo fa abẹ́rẹ́ yọ, mo tún ibẹ̀ gún, mo rí iṣan náà, mo parí iṣẹ́, mo sì ń bẹ Ọlọ́run lọ́kàn mi pé kí ó má rí bí mo ṣe rò ó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èémí ti ń há wọn. Àwòrán X-ray fi hàn pé ẹ̀dọ̀fóró òsì ti ṣá, afẹ́fẹ́ ti kún inú àyà. A ní láti gún ìhà wọn, kí a fi rọ́bà sí i, kí a so rọ́bà náà mọ́ ìgò omi, ọjọ́ márùn-ún gbáko ni wọ́n sì fi ń gbé ìgò yẹn kiri láti ibùsùn dé ilé ìwẹ̀. Àwọn ọmọ wọn san owó ọjọ́ márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Bàbá náà kò bínú sí mi; èyí gan-an ni ó ń dùn mí títí di òní.

Nínú ìwé, irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kì í ju bí ẹni 1 sí 2 lọ nínú ẹni 100 tí a gún ní subclavian. Ó dàbí ohun kékeré, títí ẹni kan yóò fi wúkọ́ lábẹ́ ọwọ́ ẹni.

Síbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró ni ó yí mi lọ́kàn padà pátápátá. Àgbẹ̀ kan ni. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n ti fi pacemaker sí wọn lára, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Gbogbo wa rò pé bátìrì ni. Nígbà tí a fi ẹ̀rọ wo pacemaker náà, bátìrì rẹ̀ ṣì dáa, ṣùgbọ́n iná tó yẹ kí ó dé ọkàn ń jò sínú ẹran ara lójú ọ̀nà. A ya àwòrán àyà wọn, a gbé e sára iná, a sì rí i: ní ibi tí eegun èjìká ti dábùú eegun ìhà àkọ́kọ́ gan-an, wáyà náà ti pẹlẹbẹ, ó sì ti tẹ̀ kọdọrọ, bí okùn tí ilẹ̀kùn ti há mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìhà ọ̀fun pátápátá ni ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ti wọlé, níbi tí okùn líle kan ti so eegun méjèèjì pọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí bàbá náà bá gbé ọkọ́ sókè tí wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀, eegun méjèèjì ń gé wáyà náà jẹ bí ìgbà tí èèyàn ń fi eyín rin okùn. Ẹ ka iye ìgbà tí àgbẹ̀ ń gbé ọkọ́ sókè láàárín ọdún mẹ́rin.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù fún wa. Bátìrì pacemaker sábà máa ń tó ọdún 8 sí 12, bí ó bá sì kú, àpótí nìkan ni a óò pààrọ̀. Wáyà àtijọ́ ni a óò tún so mọ́ àpótí tuntun. Nítorí náà wáyà ni ó yẹ kí ó pẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí a fi sí ara ènìyàn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àpá inú iṣan yóò ti dì mọ́ ọn, fífà á yọ sì di iṣẹ́ eléwu tó jẹ́ pé ibi díẹ̀ ni wọ́n ti lè ṣe é. Èyí tí a sábà máa ń ṣe ni pé a ó fi èyí tó bàjẹ́ sílẹ̀, a ó sì ti òmíràn wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iṣan náà yóò sì máa dín sí i. Wáyà tuntun, iṣẹ́ abẹ tuntun, ewu kí kòkòrò wọ inú àpò awọ tí a tún là: ìdílé ni ó sì sábà máa ń san gbogbo rẹ̀ láti inú àpò ara wọn. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ náà ta ilẹ̀ kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí dókítà fi jèrè níbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n san padà lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Mo máa ń ronú lórí bí ọ̀nà subclavian ṣe di ọ̀nà gbogbogbò. Ní ọdún 1929, ní ìlú Eberswalde ní ilẹ̀ Jámánì, dókítà kan, Werner Forssmann, ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sínú iṣan apá ara rẹ̀ títí ó fi dé ọkàn, ó sì rìn lọ sí yàrá X-ray kí wọ́n lè yà á ní àwòrán; ó fi hàn pé a lè gba inú iṣan dé ọkàn kí ènìyàn má sì kú. Síbẹ̀, nígbà tí Åke Senning fi pacemaker àkọ́kọ́ sínú ara Arne Larsson ní ilẹ̀ Sweden ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 1958, àyà ni wọ́n là, wọ́n sì rán wáyà mọ́ ara ọkàn láti ìta. Ẹ̀rọ náà kò ju wákàtí díẹ̀ lọ kí ó tó dákẹ́. Larsson sì lo ẹ̀rọ tó lé ní ogún kí ó tó kú ní ọdún 2001 ní ẹni ọdún 86. Ní ọdún 1958 yẹn kan náà ni Seymour Furman ní New York gba inú iṣan lọ fi wáyà kan ògiri ọkàn láti inú, ìyẹn sì ni ó bí iṣẹ́ tí à ń ṣe lónìí.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, cephalic ni wọ́n sábà ń là. Dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Robert Aubaniac, ti kọ nípa gígún subclavian ní ọdún 1952, ṣùgbọ́n fún oògùn àti omi ni wọ́n ń lò ó. Ní ọdún 1979, Philip Littleford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé rọ́bà kan jáde tó ṣeé ya sí méjì bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀: a ó ti wáyà gba inú rẹ̀, a ó sì ya rọ́bà náà kúrò lára wáyà. Láti ọjọ́ yẹn, gígún subclavian ti yá ju lílà lọ, ó sì rọrùn láti kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Ìrọ̀rùn náà jẹ́ òótọ́. Ohun tí ojú kò tíì rí nígbà náà ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí wáyà náà lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ọdún mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí mo ṣe ń wá iṣan axillary báyìí, nítorí pé ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba àwọn tí kò tíì gbà á rí. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì yóò ti fi kánúlà, rọ́bà kékeré tí a ń gbà fi omi àti oògùn sínú iṣan, sí apá tó wà ní ìhà tí a fẹ́ lò. Ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn wa ni wọ́n ní kí wọ́n má jẹ, kí wọ́n má mu láti àná, nígbà tí wọn yóò bá fi dé orí tábìlì, òùngbẹ ti gbẹ wọ́n, iṣan wọn sì ti rọ̀ pẹlẹbẹ bí àpò tí a da nǹkan inú rẹ̀ nù. Nítorí náà, bí ọkàn wọn bá gbà á, mo máa ń fún wọn ní omi sínú iṣan, mo sì máa ń gbé ẹsẹ̀ wọn sókè. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti rí i tí iṣan tí a ní kò sí yọjú lẹ́yìn ìdajì lítà omi. Bí kíndìnrín wọn bá dára, a ó fún wọn ní oògùn tó ń hàn lójú X-ray, nǹkan bí mìlílítà 10 sí 20, láti inú kánúlà náà. Lójú ẹ̀rọ, iṣan náà yóò yọ bí odò dúdú tó ń ṣàn kọjá lórí eegun ìhà àkọ́kọ́. A ó ya àwòrán náà sílẹ̀, a ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan lójú ẹ̀rọ, òun ni a ó máa wò bí a ṣe ń gún.

Abẹ́rẹ́ náà yóò dojú kọ ara eegun ìhà àkọ́kọ́ tààrà. Àṣírí ọ̀nà yìí nìyẹn: eegun wà lẹ́yìn iṣan, ẹ̀dọ̀fóró sì wà lẹ́yìn eegun. Bí mo bá ṣi iṣan náà gbà, eegun ni n óò kàn, yóò sì dún kọ̀ sí mi lọ́wọ́. N óò wá máa fa abẹ́rẹ́ padà díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe ń fa síríńjì, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni ẹ̀jẹ̀ dúdú yóò yọ lójú ọ̀nà àbọ̀. Ẹ̀rọ ultrasound, tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara, tún dára jù bí ó bá wà, pàápàá fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lè gba oògùn àwòrán: bí a bá fi ojú ẹ̀rọ náà tẹ awọ díẹ̀, iṣan tí à ń wá yóò tẹ̀, iṣan àlọ kò ní tẹ̀, yóò máa lù níbẹ̀. Bí a bá sì ṣèèṣì gún iṣan àlọ ní ibí yìí, a lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Ní subclavian, abẹ́ eegun ni ó wà. Ta ni yóò fi ọwọ́ tẹ eegun?

Ohun kan wà tí n kì í fi ṣeré. N kì í ti rọ́bà ńlá kankan wọlé títí mo fi rí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣamọ̀nà, èyí tí a kọ́kọ́ ti gba inú abẹ́rẹ́, pé ó ti gba ọ̀tún ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ kọjá ọkàn, tó sì ti wọ ìsàlẹ̀ awọ tó pààlà sí àyà àti ikùn. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, inú iṣan àbọ̀ ni ó wà, kò sí iyèméjì mọ́. Bí ó bá gba apá òsì ọ̀pá ẹ̀yìn lọ, kí a dúró kí a ronú: ó lè jẹ́ iṣan àlọ ni a wà, ó sì lè jẹ́ pé ẹni náà wà lára àwọn bíi 3 sí 5 nínú 1,000 tí iṣan ńlá ti òsì, tó yẹ kí ó ti pòórá kí wọ́n tó bí wọn, ṣì wà lára wọn.

Cephalic ni mo fẹ́ràn jù láti wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun ni mo ń lò jù. A ó fi ìka àti sísọ́ọ̀sì ya ọ̀rá inú kòtò èjìká díẹ̀díẹ̀, ọ̀rá náà pupa rẹ́súrẹ́sú bí epo tó dì; láàárín rẹ̀ ni okùn búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò ti yọjú. A ó ta òwú sí i lókè àti nísàlẹ̀, a ó gé ihò kékeré sí i, a ó sì rọra ti wáyà wọlé. Kò sí abẹ́rẹ́ tó ń dojú kọ ẹ̀dọ̀fóró rárá. Fún ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ohun tó dára ni, nítorí pé gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó bá jò ni ojú wa ń rí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kì í rí bẹ́ẹ̀ lára gbogbo ènìyàn. Lára àwọn kan, ó tínrín bí òwú ìránṣọ. Lára àwọn mìíràn, ó wọ́ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀. Ó sì lè gba wáyà kan kí ó kọ èkejì. Bí ó bá gba ẹyọ kan, mo máa ń gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìdúpẹ́, mo sì ń lọ wá ọ̀nà axillary fún èkejì. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọkàn ní Yúróòpù gbé jáde ní ọdún 2021 náà sọ pé kí a kọ́kọ́ ro cephalic tàbí axillary.

Àwọn kan wà tí ìhà tí a óò gbà ṣe pàtàkì ju iṣan tí a óò yàn lọ. Ẹni tí wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún, tí wọ́n ti so iṣan pọ̀ ní apá rẹ̀ kan, a kò gbọ́dọ̀ fi wáyà sí ìhà yẹn, nítorí pé bí iṣan náà bá dí, ọ̀nà tí ẹ̀mí rẹ̀ gbára lé ni a dí yẹn. Fún irú wọn, pacemaker kékeré tí kò ní wáyà, tó ń gba iṣan itan wọ inú ọkàn, irú èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2016, ìbá dára púpọ̀ bí owó rẹ̀ bá ká wọn. Obìnrin tí wọ́n ti gé ọmú rẹ̀ kan nítorí jẹjẹrẹ, ìhà kejì ni kí a lọ. Mo sì ń bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń fi wáyà onígbà díẹ̀ sí aláìsàn kí wọ́n tó gbé e wá: ẹ jọ̀ọ́, iṣan ọrùn ọ̀tún ni kí ẹ gbà. Bí ẹ bá gba subclavian òsì, ilẹ̀ tí a fẹ́ kọ́lé sí ni ẹ ti gbẹ́ kòtò sí.

Òsì ni a sábà ń fẹ́, nítorí pé wáyà máa ń rọra tẹ̀ láti ibẹ̀ wọ ọkàn, ọwọ́ ọ̀tún sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣiṣẹ́. Òsì náà ni mo fi sọ́kàn fún Màmá ẹlùbọ́ títí mo fi béèrè ọwọ́ tí wọ́n fi ń wọn ọjà. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì sókè bí ẹni tí wọ́n ká mọ́. Wọ́n ní òsì ni àwọn fi ń wọn ọ́n láti kékeré, ṣùgbọ́n ọ̀tún ni àwọn fi ń nà án sí oníbàárà. Mo wo ọwọ́ òsì náà, bí ó ṣe ń bu, tó ń gbé sókè, tó ń dà, láti àárọ̀ títí di alẹ́, mo sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé apá ọ̀tún ni kí ó fi kánúlà sí. Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, nítorí pé wáyà tó bá ti ọ̀tún wọlé máa ń tẹ̀ gan-an kí ó tó sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, iṣan náà yọ gbangba lójú X-ray. Abẹ́rẹ́ kan eegun lẹ́ẹ̀kan, mo fà á padà, ẹ̀jẹ̀ dúdú yọ. Wáyà atọ́nà sọ̀ kalẹ̀ kọjá ọkàn wọ ìsàlẹ̀, gbogbo wa nínú yàrá sì mí kanlẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkàn wọn ń lù ní 60, ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì sì kún dáadáa nínú àwòrán. Mo gbé àwòrán náà sókè níwájú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Màmá na ìka ọwọ́ òsì wọn, wọ́n tọ wáyà náà láti etí àpótí, wọ́n gba orí eegun ìhà kọjá, wọ́n yí i sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi dé ìdí ọkàn. Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn, wọ́n ní, "Ibí ló gbà."